Ọdún Kan Péré: Ìtàn Lọ́yà Atúnbàtàṣe

Àṣìṣe kékeré kan ló sọ ọ́ di Lọ́yà. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé bàtà wá fún un pé kó bá òun kan gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti ń mì, ó sì kàn án, ṣùgbọ́n ìṣó tó lò gùn ju bó ti yẹ lọ. Akọ̀wé rìn dé ìdí òpó iná kejì, ó padà wá, ẹ̀jẹ̀ ti yọ lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ohun tí atúnbàtàṣe tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣe nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò le: á bẹ oníbàtà, á fa ìṣó yọ, á kan kékeré sí i, ọ̀rọ̀ tán. Ọkùnrin yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí akọ̀wé dìde kó rìn kóun wò ó, kó lọ, kó bọ̀, kó tún lọ. Nígbà tó wò ó tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní ìṣó òun kò lẹ́bi, ẹsẹ̀ akọ̀wé ló ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ṣẹ̀. Ó fi wákàtí kan gbáko ṣàlàyé èyí fún ọkùnrin tí ẹsẹ̀ ń ro. Àwọn tó ń kọjá dúró wòran. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ní òun ti rí lọ́yà tó máa gba ẹjọ́ òun rò lọ́jọ́ tí ìyàwó òun bá gbé òun lọ sí kóòtù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, orúkọ sì mọ́ ọn lórí láti ọjọ́ náà.

Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi orúkọ náà ṣe. Òun kò gbà á bẹ́ẹ̀. Kí oṣù tó parí, ó ti ní kí akunlé kan fi ọ̀dà funfun kọ LỌ́YÀ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá sì pè é ní ṣúmẹ́kà lẹ́yìn ìgbà náà, kò ní dá a lóhùn títí yóò fi tún un pè. Kò burú ká tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ọkùnrin náà kò ka ìwé òfin kankan rí. Ìwé tó kà kẹ́yìn ni èyí tí wọ́n fi júwe bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ìránbàtà rẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin ni, àwòrán ló sì gba mẹ́ta níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dáa. Kò sẹ́ni tó lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá tóóró ni ṣọ́ọ̀bù náà. Bí ẹni méjì bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá nínú rẹ̀, ọ̀kan á kọ́kọ́ bọ́ síta. Fèrèsé kan ló kọjú sí títì. Àga oníbàárà wà lábẹ́ fèrèsé, irin onírìísí ẹsẹ̀ tó máa ń fi bàtà kọ́ sórí wà láàárín itan rẹ̀, bàtà tó ti ṣe tán àti èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn tò sórí pákó lára ògiri, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì oníkálukú sí wọn lábẹ́. Bí o bá gbé bàtà fún un, kò ní wo ojú rẹ. Abẹ́ bàtà ló máa yí sókè wò. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tó ń gbé ẹrù lé èjìká ọ̀tún, àti ẹni tó ń purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹsẹ̀ lòun fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ibi tí bàtà bá ti jẹ, ibẹ̀ ni ara ti ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ká ní ó dúró lórí ohun tó mọ̀ yìí, kò ní sí ìtàn tí à ń pa.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Obìnrin náà ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì ni gbogbo ìlú mọ̀ sí Ìjì. Atamátàsé ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí à ń wí yìí, ó ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́kànlélógún sáwọ̀n ní sáà kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ti ń gẹ irun bíi tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí ló ń pè ní Bàbá. Nígbà tí sáà parí, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gbé ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún síwájú rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ rò ó, kó mú èsì wá lọ́jọ́ keje.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn jókòó rò ni. Ìyá ní kí ọmọ òun buwọ́ lù ú. Ó ní òun ti fọ aṣọ ibùsùn àwọn agbábọ́ọ̀lù rí, òun mọ bí wọ́n ṣe ń gbé wọn wọlé, àti pé ọdún márùn-ún tó wà nínú ìwé sàn ju ọdún mẹ́wàá tó wà lẹ́nu lọ. Ìjì fúnra rẹ̀ kò kọ̀ ọ́. Ó fẹ́ràn ìlú, ó fẹ́ràn akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, ó sì ń wá ilé tí ìyá rẹ̀ ò ti ní máa gun àtẹ̀gùn alájà mẹ́rin kó tó dé yàrá. Lọ́yà ló dìde dúró láàárín pálọ̀. Ó bi wọ́n pé ta ló máa ń so ẹṣin tó ń sáré mọ́ ìdí igi. Ó ní ọdún kan péré ni kó gbà, pé bó bá fi máa di àmọ́dún, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá òkè òkun á ti tò sẹ́nu ọ̀nà bí èrò ìdí omi ẹ̀rọ. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bèèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe tó dáa ni. Kò dáhùn ìbéèrè náà.

Ká má fi dúdú pe funfun: ohun tí ọkùnrin yìí ń wá kò sí lókè òkun. Ẹni tó bá buwọ́ lu ìwé ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò nílò ẹ̀gbọ́n ìyá. Ẹni tó bá buwọ́ lu ọdún kan, ọdọọdún ni wọn yóò máa gbé àga fún ẹ̀gbọ́n ìyá ní ọ́fíìsì, tí wọn yóò máa bi í pé kí ni Bàbá wí. Lọ́yà ti ń rí àga náà lójú. Ó ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pé ọdún kan lòun máa fún wọn. Òun máa fún wọn, bí ẹni pé òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù! Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn. Ó sọ ọ́ fún obìnrin kan tó wá gba bàtà ọmọ rẹ̀, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín agbábọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń fẹ fèrè. Kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì, kò sí ẹnì kan ní òpópónà náà tí kò mọ̀ pé Lọ́yà ti sọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Tirẹ̀ ti balẹ̀ káàkiri.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìjì gbé bàtà ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, bó ti máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹni tó ń tọ́jú bàtà, ṣùgbọ́n láti kékeré ni kì í ti í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó jókòó lábẹ́ fèrèsé, ó ṣí ìwé ìròyìn. Lọ́yà dojú bàtà délẹ̀. Àwọn eyín abẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn kókó tí kì í jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù yọ̀ lórí koríko, ló kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò yẹ̀ wò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lábẹ́ bàtà ọ̀tún, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ òde ti jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ inú ṣì dá ṣáká bí ọjọ́ tí wọ́n rà wọ́n. Ní ti òsì, gìgísẹ̀ ló jẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó gbé e sún mọ́ iná, ó tún wò ó. Ọmọ náà kò gbára lé orúnkún ọ̀tún mọ́. Ó ń sá fún un, ó ń ti ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń fi ẹsẹ̀ òsì ru ohun tó yẹ kí ẹsẹ̀ méjì jọ rù. Dókítà ẹgbẹ́ kò tíì rí i. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò rí i. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ gan-an kò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ní gbogbo ìlú, bàtà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Orúnkún ọ̀tún kàn máa ń le díẹ̀ láàárọ̀. Tí mo bá ti sáré, á lọ."

Gbólóhùn kan ló kù tí yóò sọ: lọ buwọ́ lu ọdún márùn-ún, kó o sì jẹ́ kí dókítà wo orúnkún rẹ. Kò gùn. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á sọ ọ́ láìkọsẹ̀. Lọ́yà tiẹ̀ ti la ẹnu. Ìgbà náà ni onígbàjámọ̀ yọrí lójú fèrèsé, àwọn méjì tó ń dúró kó gẹ irun wọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fẹyín.

"Lọ́yà, ṣé ọdún kan náà ṣì ni, àbí àbúrò yín ti fẹnu yín gbolẹ̀?"

"Ọdún kan," ni Lọ́yà wí. "Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu mi?"

Wọ́n patẹ́wọ́ fún un. Ó sì tẹrí ba sídìí iṣẹ́. Ó fi ayùn-irin rin àwọn eyín tó ṣì ga títí wọ́n fi bá àwọn tó ti jẹ dọ́gba. Ó ṣí ìtẹ́sẹ̀ inú bàtà ọ̀tún, ó gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nípọn ju páálí lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òde, ó sì dá ìtẹ́sẹ̀ padà lé e kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Báyìí, bí ọmọ bá ń sá fún orúnkún rẹ̀, bàtà ò ní sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni, kò sí atúnbàtàṣe mìíràn ní ìlú náà tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ìjì wọ bàtà, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bíi tuntun. Àwọn kan ti sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé ọkùnrin yìí kò mọ ohun tó rí. Irọ́ ni. Ẹni tí kò mọ̀ kì í gé awọ sí ibi tó yẹ gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ keje wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ìyá kò lè tẹ̀ lé wọn, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́yà wọ kóòtù tí ọwọ́ rẹ̀ gùn bo ìka, ó ti ọwọ́ bọ àpò kí ọ̀bùn gọ́ọ̀mù má baà hàn lára èékánná. Akọ̀wé ẹgbẹ́ jẹ́ obìnrin àgbàlagbà tí ó so awò rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó gbé àga fún wọn. Lọ́yà jókòó sí èyí tó tóbi, ó fi ìka tẹ̀ lé ìwé àdéhùn láti orí dé ìsàlẹ̀, ó mi orí níbi tí kò sí ohun kan tó yẹ kí a mi orí sí, ó sì ní kí wọ́n fagi lé márùn-ún, kí wọ́n kọ kan.

Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ọmọ ló kọjú sí.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ló wí. "Ọdún méjìdínlógún ni mo ti wà lórí àga yìí. Gbogbo àwọn tó jà fún ọdún kan, èmi náà ni mo máa ń kọ lẹ́tà ó dàbọ̀ sí wọn. Bí ẹsẹ̀ bá dá nínú ọdún márùn-ún, ẹgbẹ́ ló ni ín. Bó bá dá nínú ọdún kan, ìwọ lo ni ín."

Ìjì yíjú. "Bàbá, kí ni ká ṣe?"

Ọlọ́run ló tún fún un láyè lẹ́ẹ̀kejì yìí, nítorí kò sí onígbàjámọ̀ ní ọ́fíìsì náà, kò sí ẹni tó ń fẹyín. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Lọ́yà wo àga tó jókòó lé, ó wo ayàwòrán ìwé ìròyìn tó ń dúró lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run dá kì í dá," ló wí.

Gbólóhùn yẹn dùn létí, ó sì jẹ́ èké láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ìjì buwọ́ lu ọdún kan. Nínú àwòrán tó jáde lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ìyá ló wà láàárín, ó di báírò mú. Èjìká kan ṣoṣo ni wọ́n rí lára ẹni tó ni àdéhùn.

Oṣù mẹ́jọ dáa. Bọ́ọ̀lù ń wọlé, Lọ́yà ń ka wọ́n sókè ní ojú fèrèsé bí ẹni pé òun ló bí wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan láti ìlú mìíràn rán ènìyàn wá wòran, ó ti kan ìjókòó tuntun sí ṣọ́ọ̀bù fún àwọn àlejò òkè òkun. Ẹni tí wọ́n rán wo Ìjì lẹ́ẹ̀mejì, kò padà wá mọ́. Lọ́yà ní ọkùnrin náà ò lójú. Ó jọ pé ojú rẹ̀ ló dáa jù.

Nínú oṣù kẹsàn-án, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n ń ṣe ìdárayá lásán. Kò sí ẹni tó tì í, kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Ìjì yípo láti gba bọ́ọ̀lù, ó sì jókòó sórí koríko bí ẹni tó rẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Nígbà tí dókítà ya àwòrán orúnkún, ó ní iṣan tó já nínú rẹ̀ yìí ti ń fà lọ láti nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, pé ká ní wọ́n tètè gbé e wá, ìsinmi oṣù mẹ́ta ni ì bá gbà. Ọkùnrin tó ń wọ́ ẹsẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kò gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà kóun má rí i. Ó lọ tú gbogbo ẹrù ọmọ náà wò. Ó ṣí ìtẹ́sẹ̀ bàtà, ó fa awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ, ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

"Bàbá mi ni. Ó máa ń tọ́jú bàtà mi dáadáa."

"Ẹni tó gé awọ yìí," ni ọkùnrin náà wí, "ó ti mọ ibi tó ń dùn ọ́ kí ìwọ fúnra rẹ tó mọ̀."

Ìyá rẹ̀, tó wá láti ilé ìfọṣọ pẹ̀lú omi lára épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ló na ọwọ́ gba awọ náà.

Ọdún kan pé, ọmọ ṣì wà lórí ọ̀pá méjì. Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì, ìpínrọ̀ méjì ni. Èkíní dúpẹ́, èkejì dágbére. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ náà ṣìkà. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Ẹgbẹ́ san ohun tó wà nínú ìwé títí dé ọjọ́ tó wà nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n ìyá ló sì ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé, ìyá Ìjì wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó dojú bàtà ọ̀tún ọmọ rẹ̀ kọ́ sórí irin onírìísí ẹsẹ̀, ó sì gbé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí.

"Bùọ̀dá mi, ṣé ẹ rí i?"

Lọ́yà bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ni bàtà máa ń gbà jẹ, pé koríko pápá yẹn pàápàá kò tẹ́jú, pé bí agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ràn ẹsẹ̀ òsì...

"Mi ò bèèrè ọ̀rọ̀ koríko. Ẹ rí i, àbí ẹ ò rí i?"

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Lọ́yà wo ojú fèrèsé. Onígbàjámọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń gbọ́.

"Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ọdún kan ni."

Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbà pé gbólóhùn tó tọ́ jù lọ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde rí nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan tí kò kan ojú. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ó kéré tán, mo mọ ohun tí ẹ fi ọmọ mi rà." Ó gbé bàtà náà, ó lọ.

Òpópónà kò bá ọkùnrin náà jà. Wọn kì í jà, wọ́n kàn máa ń yí ohùn padà. Onígbàjámọ̀ tó ti ń yọrí lójú fèrèsé rẹ̀ lójoojúmọ́ wá ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé ọdún márùn-ún ló dáa. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí. Lọ́yà kò jiyàn. Ó ń ran bàtà.

Ìjì wá kí i lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó ti ju ọ̀pá kejì nù. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá, ó ní òun ti rí iṣẹ́ níbi ilé-ìwé ọmọbìnrin kan, pé orí àga lòun máa ń jókòó sí ní ẹ̀gbẹ́ pápá kóun máa kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ohùn rẹ̀ kò ní ìbínú nínú. Ojú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kò kúrò ní bàtà tó wọ̀. Bàtà lásán ni, bàtà àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀tún ti wọ́ síta, gìgísẹ̀ òsì ti jẹ dé ìdajì. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó sì tún un kà. Títí ọmọ náà fi dágbére, kò gbójú sókè wò ó. Ìjì rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ń kan ògiri díẹ̀díẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Lọ́yà ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Alágbẹ̀dẹ kan ra ẹ̀rọ ìránbàtà, àwọn oníbàtà tó ṣì ní nǹkan níbẹ̀ wá kó tiwọn. Kò sọ ibi tó ń lọ fún àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ kò sì bèèrè.

Ẹni tó rí i kẹ́yìn rí i ní ìlú kejì, ní ibùdókọ̀ ojú irin, lábẹ́ àtẹ̀gùn tó lọ sí ibi ìwọkọ̀ kẹta. Ó ń dán bàtà àwọn èrò níbẹ̀ láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀.